Sípíríìtì Nínú Táǹkì Gert

Ìgò mẹ́tàdínlógún ni Vern Noske tò sórí pẹpẹ nínú abà katakata, ó sì mọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni mọ orúkọ ọmọ. Èyí tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni ti òjé. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ òjé kúrò nínú epo bẹntiróò ni ọkàn Vern ò ti balẹ̀ lórí fáàfù àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́, ló fi ń kán an sí táǹkì wọn kí irin má baà máa jẹ irin. Èyí tó ki bí òróró wà fún orí písítìnnì. Ọ̀kan wà fún ìpẹtà, ọ̀kan wà fún èéfín. Ọ̀kan sì wà tí Vern fúnra rẹ̀ ò rántí ohun tó wà fún mọ́, àmọ́ tó ṣì máa ń kán díẹ̀ nínú rẹ̀ síbẹ̀, kó má baà dà bíi pé òun pa á tì.

Elva, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, máa ń sọ pé bí Vern bá ṣe dókítà ni, aláìsàn kankan kì bá tí jáde láàyè ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, kò sì ní jẹ́ pé àìsàn ló pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ oògùn epo yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ katakata àtijọ́ ti ìlú Karrawin. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti gbin ọkà fún ogójì ọdún, tí òjò kọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò sunkún, wọ́n á jókòó ti tíì àti kéèkì alágbọn, wọ́n á máa nàka síra wọn lójú lórí ìwọ̀n oògùn tó yẹ kó wọ gálọ́ọ̀nù epo kan. Bàbá Vern àti Elva, Clem, tó ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà rárá. "Epo tó mọ́," ni wọ́n máa ń wí. "Epo tó mọ́ nìkan. Kẹrosíìnì ni Gert fi dàgbà, kò mọ òjé rí. Ẹ má sọ ẹni ẹlẹ́ni di ẹni tí oògùn di bárakú fún."

Gert ni katakata wọn. Ọdún 1938 ni wọ́n ṣe é. Clem ló fi í túlẹ̀ títí irun wọn fi funfun. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti kọ̀ láti gbé wọn, ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ọmọ wọn méjèèjì ló gba ìtọ́jú Gert: Vern ń tọ́jú inú táǹkì, Elva ń tọ́jú gbogbo ìyókù. Elva ló tú kábúrétọ̀ rẹ̀ palẹ̀ nígbà òtútù tó kọjá, tó rí i pé kọ́ọ̀kì tó ń léfòó nínú rẹ̀, tó ń dí ọ̀nà epo bí epo bá ti tó, ti bó. Fáníìṣì tó wà lára kọ́ọ̀kì náà ti yọ́ tán, ó di ohun kan bí oyin nísàlẹ̀. Elva kàn rò pé ọjọ́ ogbó ló dé sí i. Iṣẹ́ àga àtijọ́ ló ń ṣe, ó ń bó wọn, ó ń dán wọn, fáníìṣì ò sì wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kun kọ́ọ̀kì náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì dá a padà síbi tó ti yọ ọ́.

Ní ọjọ́ Túsìdé ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí, ó rí omi tó ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú gíláàsì kékeré tó wà lábẹ́ táǹkì Gert. Ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ìpàtẹ, níbi tí Gert yóò ti túlẹ̀ níwájú àwọn èèyàn. Wọ́n tiẹ̀ ti so ohun ìtúlẹ̀ aláwo mẹ́ta mọ́ ọn lẹ́yìn. Elva ń kánjú lọ sílùú lọ gba oògùn Bàbá.

"Vern," ló wí bó ti ń ti ìlẹ̀kùn mọ́tò, "wá nǹkan ṣe sí omi inú táǹkì yẹn."

Gbólóhùn yẹn nìkan. Ó sì wakọ̀ lọ.

*

Nígbà tó di ọjọ́ Fúráìdé, afẹ́fẹ́ àríwá ti ń fẹ́ láti òwúrọ̀, ó gbóná bí ẹni ṣí ààrò. Ojú ọ̀run pọ́n. Iná sọ létí ọ̀nà rélùwéè ní nǹkan bí aago méjìlá, ó gba inú pòròpórò ọkà báálì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè, ó sì dorí kọ gúúsù. Darcy, ọmọkùnrin Elva, ti gbé katakata ńlá tuntun lọ láti bá àwọn panápaná dá iwájú iná dúró. Ìhà kejì iná ló wà báyìí.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni rédíò alábátìrì tí wọ́n fi ń bá panápaná sọ̀rọ̀ pariwo nínú ilé ìdáná.

"Elva, ṣé ò ń gbọ́ mi?" Trudy Habel ni, ọ̀gá panápaná Karrawin, tí àwọn ará ilé rẹ̀ kún inú ẹgbẹ́ katakata. Òun àti Elva jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé ni.

"Mò ń gbọ́ ẹ, Trudy."

"Iná ti fo títì. Ọ̀nà yín ti dí, ẹ má tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ o."

"Bí a bá gba inú oko lọ sí ìlà-oòrùn ńkọ́?"

"Inú igbó igi mallee tó gbẹ bí ìṣáná yẹn? Pẹ̀lú Clem? Elva, má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ lẹ́ẹ̀kejì." Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Fetí sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa yí. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní, ó lè yá jù bẹ́ẹ̀. Ó ti yí ní etíkun."

Elva ò bi í léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Kò sí ẹni tó dàgbà lágbègbè yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Títí di ìsinsìnyí, iná náà ń kọjá lọ ní ìwọ̀-oòrùn ilé wọn bí ejò gígùn tó ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló kọ sí wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá yí láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn, láti orí títí dé ìrù, yóò di ẹnu.

"O lè rán ọkọ̀ sí wa?"

"Kò lè dé kí ó tó di mẹ́rin ààbọ̀. Kí lẹ ní lọ́wọ́?"

Elva wo ìta láti ojú fèrèsé. Garawa, àpò tútù, omi ẹ̀rọ tó ti ń kán tótó torí iná mànàmáná ti lọ. Nínú abà, imú Gert yọ síta.

"A ní Gert."

"Gert ti ìpàtẹ?"

"Ohun ìtúlẹ̀ ti wà lẹ́yìn ẹ̀."

"Ó dáa," ni Trudy wí. "Túlẹ̀. Ìlà mẹ́fà, kó má dín. Kí ẹ sì wọlé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Bàbá Clem wà lórí àga wọn nínú yàrá iwájú. Elva ti fi táwẹ́ẹ̀lì tútù dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ó ti ti gbogbo fèrèsé pa. Ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sọ ohun tí àwọn fẹ́ ṣe fún wọn.

"Gert?" ni Bàbá wí, ojú wọn sì là. "Ṣí fèrèsé kékeré yẹn sílẹ̀ kí n máa gbọ́ ọ."

"Kò ṣeé ṣí, Bàbá. Ẹ̀tapárá iná máa wọlé."

"Ẹ jẹ́ kó pariwo nígbà náà." Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ wọn fúyẹ́ bí ìyẹ́. "Bí ẹ bá rí i pé kò ṣeé ṣe, ẹ má wá gbé mi. Ṣé o gbọ́? Ẹ sáré bọ́ sínú adágún omi àgùntàn, ìwọ àti Vern."

Elva rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Bàbá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní lọ sínú adágún kankan.

*

Vern ló yí Gert. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó fa irin ìyíná, tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnì, sókè ni ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó sì dún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ kan ò tíì gorí ọjọ́ orí rẹ̀.

"Arẹwà!" ni Vern pariwo. "Ọ̀gá, ṣé o rí i? Oògùn ni!"

"Kúrò lọ́nà," ni Elva wí, ó sì gùn ún.

Wọn yóò túlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìwọ̀-oòrùn, láàárín pòròpórò àti koríko gbígbẹ tó yí ilé ká. Irinwó mítà ni, láti ibi ọpọ́n omi àgùntàn dé ẹnu géètì òkè. Elva sọ ohun ìtúlẹ̀ kalẹ̀, àwo irin mẹ́ta náà gé ilẹ̀, ilẹ̀ pupa sì yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọwọ́ òsì, èéfín ga bí òkè. Ó ṣírò rẹ̀ lórí: ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀ fún ìlà kan. Ìlà mẹ́fà. Ó kù díẹ̀ kí ó má tó, àmọ́ ó lè tó.

Ìdajì ìlà àkọ́kọ́ ló rìn tí ẹ́ńjìnì fi yí ohùn padà.

Ó kọ́kọ́ wúwo, bí ẹni tó jẹun yó jù. Èéfín dúdú tú jáde. Ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Elva fa irin tó ń fi kún eré ẹ́ńjìnì, kò gbọ́. Òórùn epo gbá a nímú, ó wolẹ̀, ó sì rí i: epo ń dà láti ara kábúrétọ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì, ó ń dà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ sí páìpù èéfín tó ń pọ́n. Gert wúkọ́ ìkẹyìn, ó sì kú.

Ìdákẹ́jẹ́ náà burú. Nínú rẹ̀ ni Elva ti gbọ́ iná fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, bí òjò tó ń bọ̀ lórí páánù.

Ó fò sílẹ̀, ó ti ẹnu epo lábẹ́ táǹkì pa. Vern dé, ó ń tiro pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀ tó ń dùn ún, àpò tútù lọ́wọ́. Ó da àpò náà bo ibi tí epo dà sí.

"Kábúrétọ̀ ló kún," ni Elva wí. "Kọ́ọ̀kì ò léfòó mọ́. Mú sípánà wá."

"Dúró ná, jẹ́ kí n sáré lọ mú èyí tó pupa. Bóyá fáàfù ló…"

"Vern! Bí o bá gbé ìgò kan ṣoṣo wá síbí, orí ẹ ni màá fọ́ ọ mọ́."

Nọ́ọ̀tì méjì ló di àwo kábúrétọ̀ mú. Irin náà jó o lọ́wọ́, kò fi í sílẹ̀. Nígbà tó yọ, ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ nǹkan kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e sókè wò ó. Ó pupa rúsúrúsú, ó ń fà bí oyin. Kọ́ọ̀kì náà ti bó, ó ti mu epo yó, ó wú, ó wúwo bí ẹran tútù.

Ó mọ ohun tó ń fọwọ́ kàn. Ó ti fọ irú rẹ̀ kúrò lára àga tó lé ní igba. Epo bẹntiróò ò lè rí fáníìṣì yẹn gbé ṣe. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ́ ọ báyìí, òun náà ni wọ́n sì fi ń pò ó.

"Kí lo dà sínú táǹkì?"

Vern wo ilẹ̀. "Ìwọ lo ní kí n wá nǹkan ṣe sí omi."

"Kí lo dà sí i, Vern?"

"Sípíríìtì. Ìgò kan. Gbogbo ayé ló ń dà á sí i! Ó máa ń gbé omi, ó sì máa ń jó lọ. Mo tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Túsìdé kó lè pò, ó ń dún bí aago."

"Ó sì wà nínú kábúrétọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń jẹ fáníìṣì."

"Fáníìṣì wo?" Ojú Vern fi hàn pé kò mọ̀. Kò mọ̀ lóòótọ́. "Elva, ta ló ń kun kábúrétọ̀ ní fáníìṣì?"

Kò mọ̀ torí kò sí ẹni tó sọ fún un. Èébú ti kún ẹnu Elva, ó ti tò wọ́n bí Vern ṣe to ìgò, ó kù kó máa sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Níbo lo ti rí sípíríìtì?" ló bi í.

"Lórí tábìlì."

"Tábìlì wo?"

Vern nàka sí abà, sí igun òsì, níbi tí àga mẹ́ta tí wọ́n ti bó láwọ̀ gbé wà, tí búrọ́ọ̀ṣì Elva gbé wà, tí ìgò Elva gbé wà pẹ̀lú ìkọ̀wé Elva lára wọn.

Èébú náà padà lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún.

*

Ó fi ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu gọ́ọ̀mù kúrò, ó nu abẹ́rẹ́ tó ń dí epo, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà.

"Kọ́ọ̀kì ò ní ṣiṣẹ́ mọ́," ló wí. "Ìwọ ni kọ́ọ̀kì báyìí."

"Èmi?"

"Wo ẹnu epo yìí. Bí o bá ṣí i, epo á wọlé. Bó bá pọ̀ jù, á yọ èéfín dúdú, á sì dà sílẹ̀: tì í. Bó bá kéré jù, á máa sín: ṣí i. Ọwọ́ mi ò tó o láti orí àga. O máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọwọ́ ẹ á sì wà níbẹ̀ títí a ó fi ṣe tán."

"Pẹ̀lú ìbàdí yìí?"

"Ìbàdí míì wà níbì kan ni?"

Vern wo èéfín, ó wo ilé, ó sì tutọ́ sílẹ̀. "Bí mo bá kú, wàá kọ ọ́ sórí òkúta mi pé mo kú sípò kọ́ọ̀kì," ló wí, ó sì di irin ìyíná mú.

Ó gbà á ní ẹ̀ẹ̀méje kí ẹ́ńjìnì tó dá a lóhùn. Ìlà àkọ́kọ́ burú. Vern ń ṣí jù, èéfín dúdú ń bo ojú Elva. Ó ń tì jù, Gert ń sín bí ẹni tí aáṣáà wọ̀ nímú. Wọ́n ń bú ara wọn láti òpin kan dé èkejì. "Tì í!" "Mo ti tì í!" "Tì í sí i!" "Ṣé kí n máa fi eyín tì í ni?" Síbẹ̀ ilẹ̀ ń yí.

Ní ìlà kejì, Elva ò pariwo mọ́. Ó rí i pé orí Vern ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ojú rẹ̀ ti dì, ó ń tẹ́tí. Ìka rẹ̀ ń yí ẹnu epo díẹ̀ síhìn-ín, díẹ̀ sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wá ibùdó lórí rédíò àtijọ́. Gert ń dún geere. Ìlà kẹta jáde, ilẹ̀ pupa ti fẹ̀ tó yàrá kan. Lára irun ọwọ́ rẹ̀ ni Elva ti ń mọ bí iná ṣe sún mọ́ tó. Pòròpórò tó ń jó ń fò kọjá lókè orí wọn. Ọ̀kan bọ́ sórí itan rẹ̀, ó gbá a kúrò.

Àárín ìlà kẹrin ni ìbàdí Vern já a kulẹ̀.

Kò pariwo. Ó kàn parẹ́ kúrò lójú Elva ni, ẹ́ńjìnì sì sín. Elva tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ó yọ ara síta wò. Vern wà lórí eékún, ọwọ́ kan ṣì di ara Gert mú, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ju apá kan lọ sí táyà ńlá. Ìka ọwọ́ kejì ṣì wà lórí ẹnu epo. Ó ṣí i díẹ̀. Ẹ́ńjìnì mí.

"Fi í sílẹ̀!" ni Elva ké. "Wọlé lọ bá Bàbá!"

"Bó bá kú báyìí, kò ní jí mọ́. Ó ti gbóná jù." Ojú Vern funfun. Ó wo ara Gert, ó wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ táǹkì, tí páìpù èéfín kọjá níwájú rẹ̀. "Ó yẹ kí n lè jókòó síbẹ̀."

"Páìpù yẹn á jó ẹ."

"Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ló máa jó. Ó tọ́ sí i."

Ó fa ara rẹ̀ gòkè, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni gun ewúrẹ́, bàtà rẹ̀ kan ti páìpù. "Ó yá!" ló kígbe. Elva jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Ìlà karùn-ún, òórùn rọ́bà tó ń jó dara pọ̀ mọ́ òórùn epo. Elva ò wo ẹsẹ̀ Vern. Ó wo ìlà tó wà níwájú. Epo ń kán tó, tó, tó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tú. Ó ń kà á, ó ń rò ó pé bí ẹ̀tapárá kan bá bọ́ síbi tí kò yẹ, àwọn méjèèjì yóò jó kí Bàbá tó jó. Ní ẹnu géètì òkè, bó ti ń yí padà fún ìlà kẹfà, afẹ́fẹ́ dúró.

Ó dúró pátápátá. Èéfín dìde tààrà. Ewé kan ò mì.

"Ọ̀gá," ni Vern wí, jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀."

"A lè fi í sílẹ̀ ní márùn-ún."

Elva wo ilé. Ó wo fèrèsé yàrá iwájú. "Mẹ́fà ni Trudy wí," ló dáhùn, ó sì sọ ohun ìtúlẹ̀ kalẹ̀.

Wọ́n rin ọgọ́rùn-ún mítà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, wọ́n rin igba. Lẹ́yìn náà nǹkan tútù kan fọwọ́ kan Elva lọ́rùn láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Pòròpórò tẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀, bí ìjọ tó ń kúnlẹ̀. Èéfín wó lé wọn lórí. Elva ò rí imú Gert mọ́. Ohùn ẹ́ńjìnì nìkan ló fi mọ̀ pé Vern ṣì wà níbẹ̀: ó ń dún geere, geere, kò sín, kò fẹ́ èéfín. Táyà iwájú kọlu ọpọ́n omi àgùntàn. Òpin ìlà nìyẹn. Ó pa á, ó fò sílẹ̀, ó di ìgbànú Vern mú, ó wọ́ ọ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bí ẹni wọ́ àpò ọkà.

Iná dé etí ilẹ̀ pupa, ó ga ju òrùlé lọ. Ó dúró. Ó ń wá ọ̀nà lọ sápá òsì, ó ń wá a lọ sápá ọ̀tún, kò rí ohun jẹ. Ìdì koríko gbígbẹ kan yí bírí bírí kọjá lórí ilẹ̀ náà, ó ń jó bọ̀, ó sì tan iná sí koríko tí kò jìnnà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Elva fi àpò tútù pa á. Òmíràn dé, ó pa á. Vern jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi bàtà tó ṣẹ́kù lu èyí tó bá dé tòsí rẹ̀, ó ń bú u ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ katakata tó ti bá a jiyàn rí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iná ti gba ẹ̀yìn abà kọjá lọ sí ìhà àríwá, ó fi ilé, abà àti Gert sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kékeré kan tí kò dúdú.

*

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni ọkọ̀ panápaná wọlé. Trudy bá wọn nínú yàrá iwájú, ẹsẹ̀ Vern nínú garawa omi, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì ká bí ẹni tó di nǹkan mú, kò fẹ́ nà. Ojú Elva dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bàbá Clem jókòó láàárín wọn, wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n ń mu tíì tútù.

"Mo gbọ́ ọ látòkè délẹ̀," ni Bàbá wí. "Ó kọ́kọ́ rì sínú epo, ó kú. Lẹ́yìn náà ẹnì kan ń fi ọwọ́ fún un lóúnjẹ. Ta ni?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Vern wí.

"O ṣe é dáadáa. Ìlà àkọ́kọ́ ò dáa, àmọ́ o ṣe é dáadáa. Kí ló mú un rì?"

Vern la ẹnu. Elva ṣáájú rẹ̀. "Sípíríìtì ló wọ táǹkì. Sípíríìtì tèmi ni. Èmi ni mo ní kí ó wá nǹkan ṣe sí omi, mi ò sì sọ fún un pé fáníìṣì wà lára kọ́ọ̀kì."

"Èmi ni mo dà á sí i," ni Vern wí.

"Mi ò bi yín pé ta ló jẹ̀bi." Bàbá gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Ìgò kan."

"Odindi?" Bàbá mi orí, ó jọ pé ó dùn wọ́n gan-an. "Vern, Vern. Ìdajì ni. N kì í dà ju ìdajì lọ sí i."

Elva rántí àwo kábúrétọ̀ tó tú nígbà òtútù, ohun bí oyin tó bá nísàlẹ̀ rẹ̀, kọ́ọ̀kì tó ti bó. Ọjọ́ ogbó, ló rò nígbà náà. Ó yí ojú sí Vern, Vern náà ti ń wò ó.

"Epo tó mọ́," ni Vern wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Epo tó mọ́ nìkan."

"Ohun tí mo ń sọ fún ẹgbẹ́ nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ṣé gbogbo ohun téèyàn ń ṣe ló máa ń sọ níwájú àwọn Habel ni? Trudy, má bínú."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú Vern, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kérora torí ẹsẹ̀ rẹ̀, omi garawa ń dà sílẹ̀. Elva ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró ti òpó. Gert wà níbi ọpọ́n omi, eérú bò ó. Epo ṣì ń kán lára rẹ̀, tó, tó. Kò sí ẹni tó rántí láti ti ẹnu epo pa.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ tì í.